Kamaldeen, Olùwádìí Ọmọ Ọlọ́mọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ẹ béèrè Kamaldeen ní Ọ̀fà. Lọ́dún 1964, ó bá àwọn olùwádìí kan lọ sí Kampala ní Uganda fún oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ kò ju kó máa bi àwọn ará abúlé ìtòsí ìlú náà léèrè iye ọmọ tí wọ́n bí, bí oko wọn ṣe tó, àti ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà dé tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà, ńṣe ló ń ṣe bí ẹni pé òun ló tẹ Kampala dó. Bí òjò bá rọ̀, á ní èyí kì í ṣe òjò, ká wá wo ti Kampala.

Ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ló wá burú jù. Ó ní ilẹ̀ ò tó mọ́, omi ń dín kù, igi ń tán nínú igbó, nítorí náà ọmọ méjì ti tó olúkúlùkù. Ì bá sàn, bí kò bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ń wá ìyàwó. Asiata, ọmọ Bàbá Oyètúndé tó ń kó obì lọ sí Kano, ló wù ú débi pé kò rí oorun sùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ tọrọ rẹ̀, Gbádé, ẹ̀gbọ́n bàbá Kamaldeen, ti kìlọ̀ fún un lọ́nà pé kó panu mọ́. Gbádé ò tíì kí wọn tán tí Kamaldeen fi na ìka sí àwọn ọmọ tó ń ṣeré lágbàlá, ó ń kà wọ́n sókè. Ní Ọ̀fà, ta ló ń na ìka ka ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni ń ka ewúrẹ́? Àwọn ìyá sáré kó ọmọ wọn wọlé. Gbádé tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Kamaldeen ní kí wọ́n má ba bàtà òun jẹ́.

Bàbá Oyètúndé rọra béèrè ohun tó ń kà. Inú Kamaldeen dùn. Ó ṣàlàyé ilẹ̀, omi àti igi, ó sì fi ọmọ méjì parí rẹ̀.

"Àwọn tó bá wá lé lórí méjì ńkọ́?"

"Bàbá, àṣìṣe ni. Kò yẹ kí wọ́n bí wọn."

Gbádé fọwọ́ bojú. Bàbá Oyètúndé ò bínú rárá, èyí gan-an ló sì yẹ kó ba Kamaldeen lẹ́rù.

"Akọ̀wé, ìkọkànlá ni Asiata. Ọmọ mi àkọ́kọ́, ọkùnrin ni, ó wà ní Kano. Àríkẹ́ ni ìkejì. Òun nìkan ló ṣẹ́kù fún ẹ nínú ìwádìí rẹ."

Ó ké pe Àríkẹ́. Opó ni, ewú ti kún orí rẹ̀, ó sì pọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún un, ó wo Kamaldeen láti òkè délẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀."

Ẹ̀rín sọ nínú ilé, ti Asiata ló sì ròkè jù. Ìtìjú bo Kamaldeen. Ó nà gbalaja sílẹ̀, tòun ti kóòtù.

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi, ẹ jẹ́ ká sọ méjì náà di mọ́kànlá."