Ìrọ̀rí Tí Mo-Ti-Mọ̀ Rán fún Ajá Rẹ̀

Kì í ṣe ìyá Mo-Ti-Mọ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn o. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ oyè náà. Télọ̀ ni, ó sì mọṣẹ́, àmọ́ kò sí ohun tẹ́ ẹ máa sọ tí kò ní í ní òun ti mọ̀. Bẹ́ ẹ bá sọ fún un pé iná ti ran ṣòkòtò rẹ̀, á kọ́kọ́ ní, "Mo ti mọ̀," kó tó sáré wá omi.

Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ràn ju ẹnu rẹ̀ lọ ni Jẹ́jẹ́, ajá rẹ̀. Àfi bí ara ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yún Jẹ́jẹ́. Yíyún burúkú! Ó ń họra, ó ń fi etí gbo ògiri, irun ń re lára rẹ̀ sórí àga, sórí bẹ́ẹ̀dì, àní sórí aṣọ oníbàárà.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ nígbà ìsinmi. Bí ajá yìí bá ṣì ń họra, wọ́n á mú un lọ. Ọgbà ńlá wà nílé tiwọn."

Àyà Mo-Ti-Mọ̀ já. Ó gbé ajá, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Dókítà, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, wo etí, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀, kò rí eégbọn kankan.

"Ó jọ pé oúnjẹ kan ni ara rẹ̀ kọ̀. Kí lẹ máa ń fún un jẹ?"

"Adìyẹ. Láti kékeré."

"Ẹja àti ọ̀dùnkún bíbọ̀ nìkan ni kó máa jẹ fún oṣù méjì. Kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan nǹkan mìíràn rárá. Bí yíyún náà bá lọ, a óò dá oúnjẹ àtijọ́ padà díẹ̀díẹ̀, ká lè mọ èyí tó ń bá a jà."

"Mo ti mọ̀."

Ká má parọ́, ó tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí Jẹ́jẹ́ fi ṣíwọ́ ara híhọ, irun tuntun sì ń yọ. Ha! Ẹ wá gbọ́ ẹnu! Gbogbo oníbàárà tó wá gbaṣọ ló ń gba àlàyé mọ́ ọn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó rán ìrọ̀rí ńlá kan fún Jẹ́jẹ́, ó sì kó àkékù aṣọ inú àpò ẹ̀yìn ẹ̀rọ kún un.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, yíyún ti padà dé.

"Ta ló fún un ládìyẹ?" Ó fẹ̀sùn kan ìyàwó rẹ̀. Ó fẹ̀sùn kan ará ilé kejì. Ó wá na ìka sí ìyá àgbà kan tó wá gba búláòsì. "Mà, kí lẹ fọwọ́ bò nínú báàgì yẹn?"

Ìyá yọ ọ́ síta. Eyín àtọwọ́dá ni.

"Ṣé kí n fún un jẹ ni, ọmọ mi?"

Ojú tì í, àmọ́ kò gbà. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ṣọ́ọ̀bù ni Jẹ́jẹ́ á máa wà, níṣojú òun, pẹ̀lú ìrọ̀rí rẹ̀. Ni yíyún bá le sí i! Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ti ń múra àtiwá. Télọ̀ gbá ajá rẹ̀ mọ́ra. "Jẹ́jẹ́, wọn ò ní í mú ẹ lọ o." Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí aṣọ oníaṣọ.

Ó ránṣẹ́ pe dókítà. Dókítà dé, ìyàwó dé, ìyá eléyín náà sì ti jókòó, ó ń retí búláòsì. Ajá ni dókítà ń wò. Jẹ́jẹ́ ń lá ìrọ̀rí bí ẹni ń lá abọ́ ọbẹ̀.

"Ẹ yá mi ní sísọ́ọ̀sì."

Ó tú ojú rírán, ó fa àkékù aṣọ kan jáde. Òróró ń dán lára rẹ̀. Dókítà gbóòórùn rẹ̀. "Adìyẹ díndín!"

Gbogbo ojú yí sí Mo-Ti-Mọ̀. Ṣé ẹ rí i, adìyẹ díndín ni ọkùnrin yìí máa ń jẹ lọ́sàn-án nídìí ẹ̀rọ. Kí òróró má bàa ta sáṣọ oníbàárà, àkékù aṣọ ló fi ń nuwọ́, á sì jù ú sínú àpò. Àpò wo? Àpò tó tú sínú ìrọ̀rí ni!

"Ẹ ti bá mi ṣe ìdánwò tó kù," dókítà wí. "Adìyẹ ni."

Ìyá àgbà ní, "Eyín mi ò jẹ̀bi nìyẹn."

Mo-Ti-Mọ̀ wúkọ́. "Mo... mo ti mọ̀ pé ìrọ̀rí yẹn ni."

"Ẹ ti mọ̀?" ìyàwó rẹ̀ wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ju ìrọ̀rí náà nù. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n fi máa dé, yíyún ti lọ, Jẹ́jẹ́ nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀, irun rẹ̀ ń dán. Ẹ̀gbọ́n wò yíká.

"Ọkọ ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ń jẹun. Bí wọ́n bá fi ọṣẹ fọwọ́ tán, Jẹ́jẹ́ á jẹ́ kí wọ́n wọlé."