Àṣàrò Baba Gbádégẹṣin

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ, ṣé ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀? Olè ló bí i. Baba kan ní ìlú Òkè-Àgbọ̀n, Gbádégẹṣin lórúkọ rẹ̀, ló jalè. Kì í ṣe owó ló jí, kì í sì í ṣe ewúrẹ́. Ìsinmi obìnrin kan tó ń jẹ́ Fadérera ló jí, ó jí i léraléra lójú gbogbo ènìyàn, ó sì dijú nígbà tó ń jí i.

Aránṣọ ni Fadérera. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò mọ oorun àsùngbádùn mọ́. Bó bá ti forí lé ìrọ̀rí, ọkàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ó gbọ́ pé Tíṣà Mosúnmọ́lá, ọmọ ìlú náà tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ Búdà ní Siri Láńkà, ti dé, ó sì ń kọ́ àwọn ènìyàn ní àṣàrò ní gbọ̀ngàn ìlú láràárọ̀ Sátidé. Fadérera lọ. Kò wá ẹ̀sìn tuntun, ìfọ̀kànbalẹ̀ ló wá. Kò sì ní àkókò púpọ̀, nítorí Tíṣà ti sọ pé bí àkókò òjò bá ti parí, òun yóò padà sí òkè òkun.

Inú gbọ̀ngàn yìí kan náà ni àwọn àgbẹ̀ ti ń wọn kòkó lọ́jọ́ Jímọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ́ ẹní, àwọn kan á gbálẹ̀, àwọn kan á pọn omi kún dúróòmù, wọn á sì fi nu ilẹ̀. Fadérera àti Baba Gbádégẹṣin ni omi pípọn kàn. Tíṣà sì ṣe òfin méjì. Èkíní, agogo ìbẹ̀rẹ̀ kò ní í dún àfi bí ilẹ̀ bá mọ́. Èkejì, ẹni tó bá ti jókòó tó dijú, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Agogo ìparí nìkan ló lè pè é padà.

Akọ̀wé kóòtù ni Baba Gbádégẹṣin kó tó fẹ̀yìn tì. Ó mọ ohun tí à ń fi òfin ṣe. Bí Fadérera bá ti ń nawọ́ sí garawa báyìí, Baba á ti ká ẹsẹ̀ kò, á ti dijú, á ti na àyà.

"Baba, omi o," Fadérera á wí.

"Dákẹ́!" àwọn tó kù á dá a lóhùn. "Baba ti wọlé lọ. Má da Baba láàmú."

Fadérera nìkan ni yóò pọn gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Tíṣà bá wá ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé èémí wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, tirẹ̀ á máa sáré bí ajá ọdẹ, kò ní í ṣeé tẹ̀ lé. Ẹni tó bá fi ohun rere bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀, ọ̀lẹ méjì ló ya.

Ọ̀tọ̀ ni ti Kúyẹ̀, bíríkìlà kan láàárín wọn. Oorun gidi ni òun máa ń sùn, á sì máa hanrun. Tíṣà ní ẹni tó ń hanrun kò sí nínú àṣàrò, nítorí náà òfin kò bò ó. Ìka kan péré ló máa ń fi kàn án léjìká, Kúyẹ̀ á fò dìde: "Mi ò sùn o!"

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà kọ́ wọn pé, "Má ṣe mú ohun tí a kò fún ọ." Ó ní, "Kì í ṣe ẹrù nìkan là ń jí. A lè jí ìsinmi ènìyàn."

"Òótọ́ ọ̀rọ̀!" Baba Gbádégẹṣin ló kọ́kọ́ dáhùn. Fadérera wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

Ó wá ku Sátidé kan ṣoṣo kí Tíṣà lọ. Nígbà tó di Sátidé náà, Fadérera pọn omi títí dúróòmù fi dé ààbọ̀. Ó gbé garawa kalẹ̀ níwájú Baba tó ti dijú, ó sì lọ fara ti ògiri.

"Tèmi pé. Ààbọ̀ tó kù, ti Baba ni."

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n bá yín pọn ọ́n," ni Kúyẹ̀ wí.

"Rárá o. Ẹ ti gbálẹ̀ tiyín. Kí olúkúlùkù ṣe tirẹ̀."

Fadérera mọ̀ pé Sátidé ìkẹyìn rèé. Bí agogo kò bá dún lónìí, bó ṣe wá náà ni yóò ṣe padà sórí ibùsùn rẹ̀. Síbẹ̀ kò kúrò lẹ́bàá ògiri.

Ẹ wá wo ọ̀ràn. Láìsí omi, ilẹ̀ kò lè mọ́. Bí ilẹ̀ kò bá mọ́, agogo ìbẹ̀rẹ̀ kò lè dún. Èyí tí kò bẹ̀rẹ̀, báwo ni agogo ìparí rẹ̀ yóò ṣe dún? Bí agogo ìparí kò bá sì dún, Baba kò lè lajú. Òfin tó sá sí abẹ́ rẹ̀ ti di ẹ̀wọ̀n.

Oòrùn gòkè. Eṣinṣin bà lé Baba nímú. Imú náà ń jó bí ti òkété, ojú kò là. Kúyẹ̀ ti sùn lọ. Àwọn tó ń kọjá lọ yà wá wòran. "Èyí ti kọjá ti ẹ̀dá," ni wọ́n ń wí. Ẹnìkan sáré lọ sọ fún ìyàwó Baba. Obìnrin náà dé pẹ̀lú agbọ̀n mọ́ínmọ́ín tó ń gbé bọ̀ fún ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbídàpọ̀! Ẹ má ṣe mí báyìí o! Kí ló ṣe wọ́n?"

Igbe rẹ̀ ló jí Kúyẹ̀. "Mi ò sùn o! Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Baba ti dé ibi gíga ni. Ẹni tó bá dé ibẹ̀, ebi kì í pa á mọ́."

"Ebi kì í pa ta ni? Ọkọ tèmi yìí?"

"Láéláé, Màmá."

Ìyá wo ọkọ rẹ̀, ó wo agbọ̀n. "Ó dáa. Kó má baà ṣòfò, ẹ nawọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. "Kúyẹ̀, gba ẹlẹ́yin yìí."

Ìgbà náà ni ohùn kan jáde láti inú àṣàrò: "Ẹlẹ́yin yẹn, tèmi ni."

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí i. Ojú Baba ṣì wà ní dídì. Kúyẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ gbọ́ o! Baba ń sọ̀rọ̀ láti ibi gíga! Baba, kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Ìmọ́lẹ̀," ni Baba wí, jẹ́jẹ́. "Ìmọ́lẹ̀ púpọ̀."

"Kòkó ńkọ́, Baba?"

"Yóò gbówó lórí."

Àwọn àgbẹ̀ tó ń wòran kígbe ayọ̀. Fadérera wá sún mọ́ iwájú, ó kúnlẹ̀.

"Baba, ẹ kú ìrìn àjò. Ìbéèrè kan ni tèmi. Ààbọ̀ omi tó kù, ta ni yóò pọn ọ́n?"

Baba tún dijú pinpin.

"Baba, mo ní ta ni yóò pọn omi?"

Baba kò mira. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Etí tó gbọ́ ti ẹyin ni kò gbọ́ ti omi?" Ni ẹ̀rín bá gba gbọ̀ngàn kan.

Tíṣà Mosúnmọ́lá, tó ti jókòó ti agogo rẹ̀ láti àárọ̀, wá béèrè pé, "Kúyẹ̀, ìka mélòó ni mo fi ń jí ọ?"

"Ẹyọ kan, Tíṣà."

"Eṣinṣin kò jí Baba. Igbe ìyàwó kò jí wọn. Kí ló dé?"

Kúyẹ̀ ronú. "Tíṣà, àfi bí wọn kò bá sùn."

Baba Gbádégẹṣin lajú. Ó fẹ́ dìde kí ó rọra bá tirẹ̀ lọ bí àgbà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú lábẹ́ rẹ̀. Ó ṣubú, ó nà gbọọrọ níwájú Fadérera nínú eruku kòkó. Níbi tó wà náà ló ti sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Fadérera, ọmọ mi, n kò sùn, n kò sì ṣàṣàrò rí láti ọjọ́ tí mo ti ń wá síbí. Iṣẹ́ ni mo ń sá fún. Ìsinmi tí o wá wá, èmi ni mo jí i. Jọ̀ọ́, forí jì mí. Ẹ bá mi fa ẹsẹ̀ yìí, kí n lọ pọn omi, kí agogo lè dún fún un lónìí. Ẹ má sì bá ìyàwó mi wí, ẹ má bá eṣinṣin wí. Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ."