Edé Tí Wọ́n Sin Lẹ́yìn Ilé Fọláhànmí

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "A kì í ṣọ̀fọ̀ edé láì tíì gbé òkúta wò"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Kí ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ kọ́kọ́ gbé e mì, kí ẹ̀rín má fún un lọ́rùn.

Ìgbòkọ̀dá ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ Ìyá Jọláadé. Edé ni obìnrin náà ń tà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó mọ edé tútù, ó mọ edé yíyan, ó mọ èyí tí wọ́n po iyanrìn mọ́ kó lè wúwo. Edé tí èèyàn ń bọ́ bí ọmọ nìkan ni kò mọ̀.

Fọláhànmí, ọkọ ọmọ rẹ̀, ló ní irú ẹ̀. Ó gbé àpótí gíláàsì sí pálọ̀, ó rọ omi òkun kún un, ó kó iyanrìn àti òkúta sí i, ẹ̀rọ kan sì ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà. Edé kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo ààfin yìí. Ó pupa, ó ní ìlà funfun lẹ́yìn, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ju ti lèmọ́mù lọ. Àrẹ̀mú ni wọ́n sọ ọ́.

Nígbà tí tọkọtaya náà fẹ́ lọ Ìbàdàn, Ìyá Jọláadé ni wọ́n ní kó bá wọn ṣọ́ ilé. Fọláhànmí kọ́ ọ bí yóò ṣe máa ju oúnjẹ díẹ̀ sínú omi, àti bí yóò ṣe máa fi omi tí kò níyọ̀ dípò èyí tó bá fà, nítorí omi ló ń fà lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Ó wá rọra fi kún un pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọwọ́ bọ inú ẹ̀ rárá. Ẹ má bínú o, èyí kì í ṣe tọbẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá Jọláadé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Àna tó lè sọ èyí, bí nǹkan bá ṣe edé ẹ̀, ta ni yóò sọ pé ó jẹ ẹ́?

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń padà bọ̀ gan-an ni Àrẹ̀mú nà gbalaja sórí iyanrìn. Orí wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, irùngbọ̀n wà níbẹ̀. Ìyá Jọláadé kan gíláàsì, Àrẹ̀mú ò mira. Ọwọ́ ni wọ́n ní kó má tì bọ̀ ọ́, ó fi ìgbakọ gbé e jáde. Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ, inú rẹ̀ ṣófo.

Ó sáré pe Ajíbóyè, télọ̀ iwájú ilé, kó wá ṣe ẹlẹ́rìí pé òun ò jẹ nǹkan kan. Ajíbóyè yẹ̀ ẹ́ wò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní, "Ìyá wa, mo gbà yín gbọ́. Àmọ́ ẹni tó bá rí èèpo láìrí ẹran, ẹran ló máa béèrè."

"Pa ẹnu ẹ dé," ni ìyá wí.

Wọ́n bá ní kí wọ́n sin ín ní gbangba, nítorí ẹni tó jẹ ẹran kì í ṣètò ìsìnkú ẹ̀. Ajíbóyè mú páálí òwú rẹ̀ wá, ó tẹ́ àjákù léèsì sí i, wọ́n sin Àrẹ̀mú sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé. Wọn ò tíì bo ilẹ̀ tán tí aládùúgbò kan fi yọjú, ó ní ẹ kú ara fẹ́ra kù. Òmíràn ní Ọlọ́run á mú ọjọ́ jìnnà síra. Ẹlòmíràn ti gbé àga ti ara rẹ̀ dání. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó kú. Aláìmọ̀wàáhù ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì wá kíni, a gbọ́dọ̀ fún un lóúnjẹ. Ìyá Jọláadé gbé ìkòkò kaná. Kí ló ní nílé? Ọjà tó ń tà náà ni.

Bí Fọláhànmí ṣe ṣáájú ìyàwó rẹ̀ wọlé nìyẹn, ó bá èrò rẹpẹtẹ, edé lórí àwo oníkálukú. Ó wo gíláàsì, ó wo àwọn àwo.

"Màmá, Àrẹ̀mú dà?"

"Ó kú. Oúnjẹ ìsìnkú ẹ̀ là ń jẹ."

Ọkùnrin náà sún mọ́ gíláàsì. Ó ká apá ẹ̀wù, ó tọwọ́ bọ omi, ó gbé òkúta àárín sókè. Àrẹ̀mú ló jókòó sábẹ́ ẹ̀ yìí, ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara rẹ̀ ń dán bí ti ọkọ ìyàwó.

"Ẹ̀wù ló bọ́, Màmá. Bí edé bá ń dàgbà, ẹ̀wù rẹ̀ á fún un, á bọ́ ọ, á sá pamọ́ títí tuntun á fi le." Ó wò yíká. "Ẹ̀wù ọ̀hún dà? Ó máa ń jẹ ẹ́ padà, kí ara rẹ̀ lè tètè le."

Ajíbóyè tún gbé ọkọ́. Wọ́n hú òkú, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n gbé e fún olóògbé, olóògbé sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òkú ara rẹ̀ lójú àwọn tó wá dárò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde. Oúnjẹ wọn ò tíì tán.

Ìyá Jọláadé bu tirẹ̀, ó fa àga sídìí gíláàsì, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. "Àrẹ̀mú, jẹ tìẹ, kí n jẹ tèmi," ló wí. "Gbogbo ayé ṣáà ti rí ẹni tó jẹ ọ́."

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti ń wá ọkọ́ tí ẹ ó fi gbẹ́lẹ̀, ẹ ní sùúrù ná: a kì í ṣọ̀fọ̀ edé láì tíì gbé òkúta wò.