Mo Mọ Káírò, Mo Ṣìnà Ní Ìlọrin

Ọjọ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láé, bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó mi. Ọjọ́ náà ni mo mú àlejò lọ wo ìlú tí wọ́n bí mi sí, tí àwa méjèèjì sì sọnù síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Adéwọlé ní Ìlọrin là ń gbé, ilé kéwú àwọn obìnrin ni mò ń lọ, ṣùgbọ́n Káírò lọkàn mi wà. Kò sí eré tí wọ́n ṣe ní ìlú náà tí n kò tíì wò lórí fóònù: afárá tó gba orí odò kọjá, àwọn ilé gogoro, òpópónà tí iná rẹ̀ kì í kú, àwọn arẹwà tó ń sunkún nínú takisí. Bí mo bá gbójú kúrò lára fóònù, tí mo rí ewúrẹ́ aládùúgbò wa tó ń jẹ páálí, ńṣe ni inú á bí mi sí Ìlọrin.

Àfi bí olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Àlájà Sàmíà ṣe ti Káírò dé sí ilé kéwú wa. Wọ́n ní ó fẹ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ, kó máa kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní kádàrá mi ti dé. Bàbá mi, tó ń ta aṣọ ní Ọjà Tuntun, pè é wá jẹun ọ̀sán nílé wa, ó sì ní kí n fi Lárúbáwá kí i.

N kò lo ti inú ìwé. Èyí tí mo gbọ́ nínú eré ni mo fi kí i, kó lè mọ̀ pé ara wọn ni mí. Obìnrin náà gbé ife omi sílẹ̀.

Ó fi Lárúbáwá bi mí pé, "Ta ló kọ́ ẹ lọ́rọ̀ yìí?"

"Mo kàn gbọ́ ọ ni, mà."

"Bí àwọn jàǹdùkú ṣe máa ń kí ara wọn nìyẹn kí wọ́n tó jà."

Bàbá mi, tí Lárúbáwá tirẹ̀ kò kọjá ti àdúrà, ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Kéwú ti wọ̀ ọ́ lára."

Ó yẹ kí n jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Àmọ́ nígbà tí àlejò ní òun fẹ́ rí Ìlọrin àtijọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Bàbá ní òun á fi mọ́tò gbé wa. Mo ní kó má ṣèyọnu. Nínú eré, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rin àdúgbò àtijọ́.

A wọ kẹ̀kẹ́ dé Ọjà Tuntun, a bọ́ sílẹ̀, a sì gba àárín àwọn agboolé lọ. Kò pẹ́ tí n kò fi mọ ibi tí a wà mọ́, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó hàn lójú mi. Mo nawọ́ sí ilé kan, mo ní ilé ìtàn ni. Obìnrin kan yọ jáde níbẹ̀, ó da omi ìfọṣọ síta, omi náà sì rin aṣọ àlejò mi. Bó ṣe fò sẹ́yìn, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sínú gọ́tà. Mo fa fóònù yọ kí n wo máàpù. Fóònù ti kú. Eré ni mo ti ń fi wò láti àárọ̀.

Ojú ń tì mí láti béèrè ọ̀nà. Ṣé èmi tí mo lè júwe Káírò láti orí afárá dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni kí n máa béèrè ọ̀nà ní Ìlọrin? Àmọ́ oòrùn mú, Àlájà Sàmíà sì ń tiro lórí bàtà kan. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá arúgbó kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà agboolé ńlá kan.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo la lè gbà jáde? A kì í ṣe ará àdúgbò yìí."

Ìyá náà wò mí títí. "O kì í ṣe ará àdúgbò yìí?"

"Rárá, mà. Adéwọlé là ń gbé."

"Ọmọ Sálíù," ló wí jẹ́jẹ́, "ilé bàbá rẹ lo kúnlẹ̀ sí yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí."

Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlẹ̀. Ọdún Iléyá nìkan ni mo máa ń débẹ̀, inú mọ́tò bàbá mi ni mo sì máa ń wà, tí mo tẹjú mọ́ fóònù. Ìyá ti ń pe àwọn ará ilé pé kí wọ́n wá wo ọmọ tó ń béèrè ọ̀nà nílé bàbá rẹ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àlájà Sàmíà ní kí n túmọ̀ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín fún òun. Irọ́ tí màá pa ni mò ń wá lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò bàbá mi kan tó jẹ́ àáfà fi Lárúbáwá tó mọ́ gaara ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ẹní. Wọ́n fọ ẹsẹ̀ fún un, wọ́n yá a ní sálúbàtà, wọ́n gbé wàrà àti màsà ìrẹsì wá, wọ́n ní bìsìmílàhì.

Nígbà tí à ń padà sílé, mo bi í léèrè bí afárá Káírò yẹn ṣe rí lójú. Ó ní òun kì í sábà gba ibẹ̀. Ẹ̀yìn ìlú lòun ń gbé, àkùkọ aládùúgbò ló ń jí òun láràárọ̀.

Múlíkà, ọmọ kíláàsì wa, ni Àlájà Sàmíà mú lọ sí Káírò. Ó dùn mí fún ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n mo kọ́gbọ́n. Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn fẹ́ràn ìlú tó rí nínú eré. Àmọ́ ẹni tí kò mọ ojúlé bàbá rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa júwe ilé onílé.

Ní Iléyá tó kọjá, mo ní kí Bàbá máa gbé mọ́tò lọ, ẹsẹ̀ lèmi fẹ́ fi rìn débẹ̀. Mo sì débẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi ìborùn bojú kó má baà dá mi mọ̀. Àṣé ìyàwó ilé wa ni.

Ó ní, "Ìyáa mi, ẹ máa tẹ̀ lé mi, ibì kan náà là ń lọ."

Kí ni n bá ṣe? Mo rẹ́rìn-ín, mo tẹ̀ lé e.