Ehoro Mẹ́rìnlélógún Tí A Fi Ṣe Kọmíṣánnà Lálejò

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Osè, ọmọdé àti àgbà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń jẹun, kó dá òkèlè dúró. Bó bá jẹ́ ẹran ló fẹ́ fi sẹ́nu, kó kọ́kọ́ wo etí ẹran náà dáadáa. Ọba ló rán mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi.

Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n ọba ní kí n tún un sọ, kí ẹnì kan má baà wá wí lọ́la pé òun kò sí nílé.

Dókítà Mọrádéyọ̀, ọmọ wa tó kàwé dé òkè òkun tó sì padà wálé, ló dá ilé ìwádìí oògùn sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé wa. Oògùn ibà ló ń wá. Ehoro mẹ́rìnlélógún ló ń fún ní oògùn náà, ó sì fi ike tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí kọ́ etí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó kọ̀wé sí ìjọba ìpínlẹ̀: kí wọ́n fún wa ní iná, kí wọ́n fún wa ní ilẹ̀, kí wọ́n má sì gba owó-orí fún ọdún méje lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ṣe oògùn níbí, kí agbègbè wa lè máa ṣe oògùn fúnra rẹ̀. Ìjọba ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó. Bó bá dára, wọn yóò fọwọ́ sí i. Bí kò bá dára, Òkè-Àgbọn ni wọn yóò gbé e fún. Òkè-Àgbọn! Àwọn tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń bo kànga!

Dókítà wá sọ fún gbogbo ìlú pé nítorí ehoro ni àlejò ṣe ń bọ̀. Àwa náà sì gbọ́. Àlejò tó tìtorí ẹran rin ìrìn wákàtí mẹ́rin, ta ni yóò fi ẹ̀wà pàdé rẹ̀? Bí Dókítà ṣe lọ dúró dè wọ́n ní oríta, bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Rísìkátù, olórí àwọn aláásè ìlú, gbé ìkòkò kaná. Kí Dókítà tó kó àlejò dé, ehoro ti di pẹpẹsúùpù.

Wọ́n jẹ, wọ́n yó. Kọmíṣánnà tó ṣáájú àwọn àlejò nu ẹnu, ó ní ọbẹ̀ náà dára, ó ní kí wọ́n wá mú òun lọ wo àwọn ehoro. Gbogbo ojú yí sí ìkòkò. Nígbà náà ni Kọmíṣánnà yọ ike kékeré kan láàárín eyín rẹ̀. Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ni.

Dókítà sunkún. Inú mi bàjẹ́ gan-an, nítorí lásìkò òjò tó kọjá, ibà mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ, Dókítà yìí ló sì gbé ọmọ náà dání títí tó fi dákẹ́. Èmi náà sunkún. Itan ehoro wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mò ń sunkún, ẹ má bú mi.

Dókítà nu ojú, ó ṣí ìwé rẹ̀. Ó ní oògùn tó wà nínú ehoro ti wọ inú ẹni tó jẹ ehoro. Ọba àti àwọn ìjòyè jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí fún ọjọ́ méjì. Wọ́n rí i pé ìwádìí náà kò bàjẹ́, ibùgbé ló pààrọ̀. Òfin tí wọ́n ṣe nìyí. Ẹ gbọ́ o!

Òfin kìíní. Ẹnikẹ́ni tó jẹ nínú ọbẹ̀ ọjọ́ Ajé ti di ehoro ìwádìí fún oṣù mẹ́ta. Bí ènìyàn mẹ́ta bá pín ehoro kan jẹ, nọ́ńbà kan náà ni wọn yóò máa jẹ́. Kábíyèsí fúnra wọn ni Ehoro Kìíní. Ẹ ṣì máa dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

Òfin kejì. Ehoro kò gbọdọ̀ jáde nílùú láìgba ìwé lọ́wọ́ Dókítà. Kò gbọdọ̀ mu ọtí. Kò gbọdọ̀ mu àgbo. Ẹ̀yin tí ẹ ní omi ọbẹ̀ nìkan lẹ fẹnu kàn, ehoro lẹ̀yin náà. Ẹ má yọ́ lọ.

Òfin kẹta. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí gbogbo ehoro tò síwájú ilé ìwádìí kí wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára wọn. Kí wọ́n tò! Ìjòyè kò gbọdọ̀ já síwájú ẹnikẹ́ni.

Òfin kẹrin. Ẹni tó bá rí ike nọ́ńbà nínú àwo, lórí ààtàn, tàbí níbòmíràn tí n kò fẹ́ dárúkọ láàárín ọjà, kó fọ̀ ọ́ kó tó mú un wá. Ó ku mẹ́sàn-án tí a ń wá.

Òfin karùn-ún. Ehoro tuntun ń bọ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn, ì báà ṣe láti kí i, yóò wọ ilé ehoro fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Koríko ni yóò máa jẹ. Wọn yóò máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, èmi ni n ó sì máa kéde bó ṣe wúwo tó níwájú ilé àwọn àna rẹ̀.

Òfin kẹfà. Láti òní lọ, àlejò tó bá tìtorí ẹran wá, ẹ̀wà ni ká fún un. Ìyá Rísìkátù ní òun kò gbà. Ọba ní kí n kéde pé àwọn gbọ́.

Òfin keje ló wúwo jù. Kọmíṣánnà jẹ àwo mẹ́ta. Òun ni Ehoro Kẹtàdínlógún. Wọn kò lè yẹ̀ ẹ́ wò ní Òkè-Àgbọn, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ehoro ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni yóò máa wá, ọ̀nà tó bàjẹ́ yẹn náà ni yóò sì máa gbà. Kó tó kúrò níbí lọ́jọ́ Ajé ni Dókítà ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú fíríìjì. Fíríìjì kì í ṣiṣẹ́ láìsí iná. Dókítà ṣàlàyé fún un pé bí ẹ̀jẹ̀ náà bá gbóná, àwọn yóò tún gba òmíràn. Kọmíṣánnà kò fẹ́ràn abẹ́rẹ́. Ó béèrè ibi tí ìwé wà. Ó fọwọ́ sí iná. Ó fọwọ́ sí ilẹ̀. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ owó-orí ọdún méje, ó ní kí òun lọ rò ó. Dókítà kàn gbé abẹ́rẹ́ sókè, ó ń wò ó bóyá afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Kọmíṣánnà fọwọ́ sí ìyẹn náà.

Ọdún mọ́kànlá la ti ń kọ̀wé béèrè iná. Pẹpẹsúùpù ló gbà á fún wa. Àná ni wọ́n ri òpó àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi jáde, ó gbé ọwọ́ lé òpó náà. Èmi tí ariwo jẹ́ iṣẹ́ mi, mo gbé agogo mi sílẹ̀, èmi náà gbé ọwọ́ lé e.

Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tó ń sùn. Ohun tí ọba ní kí n sọ, mo ti sọ ọ́. Ohun tí mo jẹ, ẹ̀jẹ̀ mi ni yóò sọ ọ́. Èmi ni Láníyọnu akéde, Ehoro Kejìlélógún.