Irin Bàbá àti Ẹ̀rọ Tó Ga Ju Òrùlé Mi Lọ

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi gbé mi wọlẹ̀: ọjọ́ tí mo kó irinṣẹ́ mi tọrẹ nítorí Ọlọ́run, tó sì jẹ́ pé nítorí Alájì ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí Alájì í ṣe. Nígbà tí mo jáde ilé-ìwé girama, èmi ọmọbìnrin lọ kọ́ṣẹ́ igi yíyí lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Òkè-Sópẹ̀n. Ẹsẹ̀ àga àti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì la máa ń yí: ẹ̀rọ á máa yí igi, àwa á máa fi irin gbẹ́ ẹ. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni Alájì fi ṣáájú mi wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, mo sì kàwé jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ mọ òfin ṣọ́ọ̀bù: ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ẹ̀gbọ́n. Mo pọnmi fún un, mo gbálẹ̀ ìdí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ kí n máa pe òun ní bọ̀ọ̀dá. N kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ń wo wá. Nígbà tó fẹ́ kú, èmi ló fún ní gọ́ọ̀jì rẹ̀, irin ìyígi tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí èékánná, tí àtẹ́lẹwọ́ Bàbá ti di èkù rẹ̀ mú títí ó fi ń dán. Alájì kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Èmi náà kò gbàgbé pé kò sọ nǹkan kan.

Mo di tíṣà iṣẹ́ igi ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo fẹ̀yìn tì, mo sì ń yí igi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìnkùlé mi títí ọwọ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò gbọdọ̀ sún mọ́ igi tó ń yí. Mo pinnu pé àpótí ìjókòó ni n óò máa kàn. N óò ra dírílù onídùúró, ẹ̀rọ tó ń ti òkè ki irin bọ igi, tí kò béèrè ju kí èèyàn fa apá rẹ̀ wálẹ̀. Àwọn irin ìyígi mi, n óò kó wọn fún ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ aláìlóbìí níṣẹ́ ní Òde-Omi. Gbogbo rẹ̀ ni, àfi ti Bàbá.

Ta wá ló ń ta dírílù nítòsí? Alájì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè-Àgbò kún fún oníbàárà lọ́jọ́ tí mo lọ.

“Tíṣà, ẹ káàbọ̀ o! Èyí kékeré tó ń jókòó lórí tábìlì yìí ló bá yín mu. Mo gbọ́ pé ọwọ́ yín ti ń jó.”

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Mo nawọ́ sí èyí tó ga jù, tó dúró ní kọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá.

“Ìyẹn ni mo fẹ́.”

“Ó ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀bù yín lọ.”

“Ìwọ lo bá mi kan òrùlé ni?”

“Ó dáa, àbúrò mi.”

Àbúrò! Inú bí mi débi pé mo sanwó láìná ọjà.

Ọjọ́ tí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ wá ni mo ní kí ẹgbẹ́ aláàánú wá kó àwọn irin. Mo pe àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, mo pe aládùúgbò. Mo fẹ́ kí Alájì rí mi níbi tí mo ti ń ṣoore. Ó rí mi.

Ẹ̀rọ náà kò lè dúró nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n yí i, ó kan òrùlé. Mo ní kí wọ́n ṣí páànù kan. Wọ́n ṣí i, orí ẹ̀rọ sì yọ síta bí ẹni tó ń wo àdúgbò. Alájì kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń fọwọ́ nu ẹnu ṣáá. Nígbà tí mo gbé igi kan sábẹ́ ẹ̀rọ láti dán an wò, ó ké sí mi.

“Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n de igi yẹn mọ́lẹ̀ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Ẹ ká ìborùn yín náà kúrò.”

Ohun tí mo torí rẹ̀ na àwọn ọmọ ilé-ìwé ní gbogbo ayé mi gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu Alájì ló ti jáde, mo bá tan ẹ̀rọ. Igi fò, ó lọ fọ́ kúlà ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí mo fi ṣàlejò. Etí ìborùn mi wọ inú ẹ̀rọ, ó fa gèlè mi lọ, orí funfun mi sì hàn sí gbogbo ayé. Alájì ló pa iná. Ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó dé e fún mi.

Pẹ̀lú fìlà Alájì lórí ni mo fi sọ̀rọ̀ ọrẹ. Ìtìjú ti di ìbínú. Mo pariwo pé, “Gbogbo irin tó wà nínú àpótí yìí, mo fi tọrẹ! N kò yọ ọ̀kan!” Bẹ́ẹ̀, n kò tíì yọ ti Bàbá.

Alájì sún mọ́ mi, ó rọra ní, “Tíṣà, ẹ yọ ti Bàbá.”

Ká ní ó dákẹ́ ni, ǹ bá yọ ọ́.

“Mo ní gbogbo rẹ̀!”

Ọkọ̀ gbé e lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èmi àti tíṣà méjì jókòó síwájú ilé nígbà tí Alájì dé. Ó fa gọ́ọ̀jì Bàbá yọ lápò. Ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Òde-Omi, ó fi tuntun láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún un. Àtẹ́wọ́ yẹn ló bà á jẹ́.

“Ohun tí mo bá ti fi tọrẹ, mi ò kì í gbà á padà. Dá a padà fún àwọn ọmọ aláìlóbìí.”

Ó ká ìka mọ́ irin náà. “Ó dáa, Tíṣà.”

Fún oṣù mẹ́ta, n kò rí i. Gbogbo àpótí tí mo kàn ń mi jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀. Nígbà tí àbámọ̀ borí mi, mo fọ fìlà rẹ̀, mo lọ̀ ọ́, mo gba Òkè-Àgbò lọ, kí n lè bẹ̀ ẹ́ kó mú mi lọ sí Òde-Omi.

“Ẹ káàárọ̀, bọ̀ọ̀dá.” Ó korò lẹ́nu mi bí ewúro.

“Kí lẹ wí? Etí mi ti ń di.”

“O gbọ́ mi!”

Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó sorí kọ́. “Tíṣà, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀. Irin Bàbá ò sí ní Òde-Omi. Lọ́jọ́ tí mo ń dá a padà, ìgbì gbá ọkọ̀ wa, ó bọ́ lọ́wọ́ mi sínú omi. Mo ní kí wọ́n wá a, wọn ò rí i. Ojú yín ni mo ń sá fún.”

“Kí ló ń ṣe lọ́wọ́ rẹ? Ṣé o ò lápò ni?”

“Mo ń wò ó ni.”

Mo gbé fìlà rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo fi rò pé kò ka irin náà sí, torí pé kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ tí Bàbá fi fún mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ọrẹ tí a fi ìbínú ta, kì í dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ aláìlóbìí kò ní irin Bàbá, èmi kò ní in, Alájì kò ní in. Àwọn ẹja ọ̀sà ló ń fi í yígi báyìí. Alájì ní kí n gbé ẹ̀rọ ńlá yẹn wá kí òun pààrọ̀ rẹ̀ sí ti orí tábìlì. Mo ní n óò rò ó. Òjò ń pa á lórí láti ibi páànù tó ṣí, mo sì ń da ọ̀rá bò ó. Nígbà tí ẹ̀rín bá pa mí níbi tí mo ti ń dà á bò ó, mo máa ń rẹ́rìn-ín títí omi ó fi jáde lójú mi.

Ṣùgbọ́n mo ṣì fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ.