Bí Ọdẹ́rìndé Télọ̀ Ṣe Ṣẹ́gun Ajá Márùn-ún Lórí Òkè Arínkò

Ẹ yà lọ́nà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá; ẹ sọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ru ẹrù; kí ẹni tó ń jẹun gbé òkèlè dúró lọ́wọ́ ná, nítorí orúkọ akọni ni a fẹ́ dá, a kì í sì í dá orúkọ akọni sí etí tí kò ráyè. Ọdẹ́rìndé ni mò ń wí, Ọdẹ́rìndé ọmọ Ọdẹ́táyọ̀, ọmọ-ọmọ Ọdẹ́kúnlé, ìran ọdẹ tí ẹran igbó kò fi ìgbà kankan bẹ̀rù. Ọmọ a-wo-ẹtu-títí-ẹtu-fi-relé. Ọmọ a-yìnbọn-sókè-kí-ẹran-ilẹ̀-má-baà-bínú. Bàbá bàbá rẹ̀ ló dojú kọ òbúkọ Ìyá Ẹlẹ́kọ ní gbangba ìta, tí àwọn méjèèjì sì sá, ṣùgbọ́n òbúkọ ló kọ́kọ́ sá, a kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni gbàgbé èyí. Bàbá tó bí i lọ́mọ ló na ejò kan nínú yàrá rẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro ó, kó tó di pé wọ́n tan fìtílà, tí wọ́n sì rí i pé bẹ́líìtì ni. Bẹ́líìtì náà kò sì gbérí mọ́ títí di òní. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń ṣàn nínú iṣan Ọdẹ́rìndé, ẹni tó fi ìbọn sílẹ̀ tó mú abẹ́rẹ́, tó di télọ̀ ní Òṣogbo, akọni lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ọ̀gá bọ́tìnnì àti ihò bọ́tìnnì, ẹni tí ṣòkòtò ń rí tó ń tẹ́ itan sílẹ̀ fún.

Akọni kì í ṣàìní ọ̀tá, àmọ́ inú ilé ni ọ̀tá ti Ọdẹ́rìndé ń gbé, abẹ́ tábìlì rẹ̀ ni wọ́n sì ń sùn. Bàbá ìyàwó rẹ̀, ògbójú ọdẹ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Ṣakabùlà, tó ti fẹ̀yìn tì sí ìdí Òkè Arínkò, ló fún ọmọ rẹ̀ Mọrádékẹ́ ní abo ajá kan pé kó máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù fún wọn. Ìwàlẹwà lorúkọ ajá náà, nítorí àwa kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ọ̀rọ̀ tí a bá fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ ni a fi ń sọ ajá lórúkọ. Ìwàlẹwà bímọ mẹ́rin: Tanímọ̀la, Òtítọ́korò, Jẹ́jẹ́layé, àti àbíkẹ́yìn wọn Ẹ̀rùòbodò, tí ẹ̀rù ń bà bí ewé bá já. Ìyá àti ọmọ, kò sí èyí tó mọ̀ pé Ọdẹ́rìndé ni baálé. Bó bá ní kí wọ́n jókòó, wọ́n á dìde. Bó bá mú wọn jáde, àwọn ni wọ́n ń mú un jáde, tí àwọn ará àdúgbò á máa bèèrè lọ́wọ́ ara wọn pé ta ló ń sin ta lọ sóde. Ìgbà tí wọ́n jẹ apá agbádá ọkọ ìyàwó kan nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la ni ìròyìn wọn dé etí Bàbá Ṣakabùlà. Ó ní kí gbogbo wọn máa bọ̀, àtajá àtènìyàn.

Nígbà tí wọ́n dé, Ọdẹ́rìndé na gbọọrọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àna gidi, Bàbá sì ní kó dìde.

"Ọdẹ́rìndé, mo gbọ́ pé ajá ń fà ọ́ kiri Òṣogbo."

"Bàbá, wọ́n kàn máa ń yára díẹ̀ ni."

"Ẹni tí ajá ń fà kì í ṣe olówó ajá, ẹrù ajá ni. Gbọ́ mi dáadáa. Kó wọn gun òkè yìí lónìí, kí ẹ sùn síbẹ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, kó wọn sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, kí okùn gbogbo wọn wà lọ́wọ́ rẹ. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù sẹ́yìn, gbogbo wọn padà di tèmi."

Ọ̀rọ̀ náà dun akọni wa wọ eegun. Ẹ má wo ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́, Ọdẹ́rìndé fẹ́ràn àwọn ajá wọ̀nyẹn ju bó ṣe lè fẹnu sọ lọ. Bó bá ń ránṣọ, wọ́n á sùn yí i ká, èyí á máa hanrun, èyí á máa lálàá, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó gbìyànjú láti fojú inú wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìsí wọn, ó sì rí i pé òun kò ní lè wọ ibẹ̀. Ó dáhùn pẹ̀lú ohùn ńlá pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bàbá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ó mi orí, ó wọlé lọ mú gbérí rẹ̀ wá, ẹ̀wù ọdẹ gbàgẹ̀rẹ̀ tó ti fi wọ igbó láti ìgbà èwe, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ tó yọ etí méjì. Ó ní òtútù orí òkè kì í ṣe òtútù télọ̀.

Ẹ wá wo bí ogun ṣe gbéra! Mọrádékẹ́ ru agbọ̀n oúnjẹ, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ níwájú. Ọdẹ́rìndé gbé àgọ́ kọ́ ẹ̀yìn, àgọ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán láti inú tapólì, àgọ́ tó ní ọrùn, tó ní apá méjì, tó ní àpò, tó sì ní iṣẹ́ ọnà láyà, nítorí akọni wa kò mọ bí a ṣe ń rán ohun tí kò ní ọrùn. Ó fi gbérí wọ ara, ó fi fìlà dé orí, ó kó okùn ajá márààrún sọ́wọ́. Bí Tanímọ̀la bá fà á sọ́tùn-ún, Òtítọ́korò á ní irọ́ ni, òsì ni. Jẹ́jẹ́layé kò mọ jẹ́jẹ́ rárá, àárín igbó ẹ̀gún ló fẹ́ gbà. Ìwàlẹwà ń fà á síwájú bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ lówó iṣẹ́, Ẹ̀rùòbodò sì jókòó sórí bàtà rẹ̀, ó ní òun kò lọ mọ́, àfi tí wọ́n bá gbé òun. Ọdẹ́rìndé gbé e. Báyìí ni akọni ṣe gun Òkè Arínkò, ibì kan lórí ẹsẹ̀, ibì kan lórí orúnkún, ibì kan lórí àyà, tí àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹko lẹ́bàá ọ̀nà sì dúró wò ó títí ó fi kọjá.

Nígbà tí wọ́n máa fi pàgọ́ tán, òòrùn ti ń wọ̀. Wọ́n sun iṣu, wọ́n fi epo jẹ ẹ́, ajá gba tiwọn, wọ́n sì gba ti Ọdẹ́rìndé mọ́ ọn. Òjò wá rọ̀, ó sì gba ọrùn àgọ́ wọlé. Ìyá àti ọmọ kó ara wọn jọ sí ibi tó gbẹ láàárín, Mọrádékẹ́ forí lé Ìwàlẹwà, akọni wa sì sùn sí etí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó yọ síta láti ojú apá àgọ́. Sùn kọ́, a kàn ní kí a pè é bẹ́ẹ̀ ni.

Ilẹ̀ mọ́. Mọrádékẹ́ kó aṣọ tútù, ó lọ sá wọn sórí igi kúkúrú kan lẹ́yìn àpáta ńlá. Ọdẹ́rìndé dúró pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, ó wo àwọn ajá lójú, ó sì dá a lójú pé wọ́n ti yí padà, pé òjò tó pa òun àtàwọn pọ̀ ti sọ gbogbo wọn di ọmọ ìyá kan náà. Ó ju okùn sílẹ̀ díẹ̀ kí ó lè bu omi bọ́jú. Kí ó tó nu ojú tán, kò rí ajá kankan mọ́.

Hà! Ṣé ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ rí? Akọni ọmọ akọni fò dìde, ó fa fèrè ọdẹ bàbá bàbá rẹ̀ yọ nínú àpò, ó fun ún títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú bí ẹni tó há iṣu sẹ́nu. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àwọn wọ̀nyí gbọ́ ọ. Wọ́n tilẹ̀ jókòó sórí àpáta lókèèrè, wọ́n tẹ́tí, wọ́n gbádùn rẹ̀ títí ó fi parí. Ó fi ẹja gbígbẹ hàn wọ́n. Wọ́n wá, wọ́n já a gbà, wọn kò sì dúpẹ́. Ó wá ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó kígbe orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lé wọn. Ó lé wọn yí àpáta ká, ó lé wọn gba abẹ́ àgọ́, ó lé wọn gba inú àgọ́, ó gba ojú ọrùn wọlé, ó gba ojú apá jáde, okùn wọn ń wọ́ nílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ejò, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó ẹyọ kan.

"Ẹ rọra o, àpáta ń yọ̀!" Mọrádékẹ́ ké sí i láti ìdí iná. "Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí ó rẹ̀ wọ́n."

"Àwọn kọ́ ló ń rẹ̀, Mọrádékẹ́, èmi ni!"

Bí a bá lé ni tí a kò bá ni, ìwọ̀n là á bá ni ṣọ̀tá mọ. Ọdẹ́rìndé dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó bojú wo ìsàlẹ̀, ó rí òrùlé ilé Bàbá, ó sì mọ̀ pé arúgbó náà ti gbé àga síta, pé ó ń retí. Omi lé sí i lójú. Ó rí ara rẹ̀ tó ń padà sí Òṣogbo pẹ̀lú okùn òfìfo, ó sì dùn ún débi pé kò bínú sí àwọn ajá náà mọ́. Lẹ́yìn náà ló gbá ṣòkòtò mú, ó tún lé wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, ìkùukùu ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń bo gbogbo orí òkè, ó sì yí kọ́ná àpáta ńlá pẹ̀lú eré burúkú.

Ó bá Bàbá Ṣakabùlà níbẹ̀. Bàbá dúró gbagidi nínú ìkùukùu, nínú gbérí rẹ̀, fìlà rẹ̀ lórí, etí fìlà méjèèjì yọ síta.

Ẹni tí a kọ́ nílé kì í ronú kó tó kí àna rẹ̀. Láti inú eré yẹn gan-an ni akọni ti fò, ó na gbọọrọ bí ẹní tí a tẹ́, àyà rẹ̀ lu àpáta gbì, ó sì yọ̀ díẹ̀ síwájú lórí ikùn.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

Bàbá kò dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ ọmọ kò gbọdọ̀ dìde bí àna kò bá tíì ní kó dìde. Ọdẹ́rìndé dojú bolẹ̀, ó ń retí. Nígbà tí ìdákẹ́ náà pọ̀ jù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí Bàbá má bínú, òun ló ju okùn sílẹ̀, ajá kò ṣẹ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé Bàbá máa gbà wọ́n lóòótọ́, kí ó jọ̀ọ́ máa gbé Ẹ̀rùòbodò sùn nínú ilé, nítorí ara rẹ̀ kò gba òtútù.

Àwọn ajá dúró lókèèrè, ó yà wọ́n lẹ́nu. Ẹni tó ń lé wọn ti dùbúlẹ̀. Ẹ̀rùòbodò ló kọ́kọ́ wá, ó gbóòórùn etí rẹ̀, ó lá a, ó sì gun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ dùbúlẹ̀. Jẹ́jẹ́layé rí i, ó ní wọn kò lè yọ òun sílẹ̀ níbi tó lọ́wọ́ọ́rọ́. Tanímọ̀la gba itan ọ̀tún, Òtítọ́korò, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, gba tòsì. Ìwàlẹwà dé kẹ́yìn, ìyá ńlá, ó wo gbogbo ọmọ rẹ̀ pátá, ó sì jókòó lé orí akọni.

Mọrádékẹ́ gbọ́ pé eré ti dákẹ́, ó wá wò ó. "Télọ̀ mi, ta lẹ ń dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Bàbá ni," ohùn kan dáhùn láti abẹ́ ajá. "Bá mi bẹ̀ ẹ́."

"Bàbá wo? Gbérí tí mo sá sórí igi nìyẹn."

"Má jẹ́ kí n mira o," ni Ọdẹ́rìndé wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kó okùn wọn fún mi."

Mọrádékẹ́ kó okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi wọ́n sọ́wọ́ tó nà gbọọrọ lórí àpáta, ọwọ́ náà sì pa dé mọ́ wọn pinpin.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Ṣakabùlà dìde lórí àga, ó ka ajá, kò dín. Ó wo àna rẹ̀ tí àyà ẹ̀wù rẹ̀ ti ya, tí irun ajá kún irùngbọ̀n rẹ̀.

"Kí lo ṣe fún wọn?"

Irọ́ kan tó dára ti wà lẹ́nu Ọdẹ́rìndé, irọ́ tó ní ẹkùn nínú. Ó wo ojú Mọrádékẹ́, ó sì gbé e mì.

"Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín ni, Bàbá."

"Fún èmi? Níbo?"

"Fún ẹ̀wù yín. Ó wà lórí igi. Mo rò pé ẹ̀yin ni, ẹ ò sì ní kí n dìde."

Arúgbó náà wò ó títí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀, ó dé èjìká, ó di omi lójú, ó sì ní láti padà jókòó. "Láti ìgbà tí mo ti ń dọdẹ ni mo ti ń lé ajá kiri," ó ní, "kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n dùbúlẹ̀. Máa kó wọn lọ, ọmọ mi. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀wù mi lórí igi, kí ni n óò fi dù ú?"

Nítorí náà, kí òkè gbọ́, kí ilẹ̀ gbọ́, kí gbogbo òbúkọ àti gbogbo bẹ́líìtì gbọ́: láti òní lọ, Ọdẹ́rìndé ọmọ Ọdẹ́táyọ̀ kì í ṣe ẹrù ajá mọ́, olówó ajá ni! Àwọn jagunjagun yòókù dìde dúró kí wọ́n tó ṣẹ́gun. Tiwa dojú bolẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, wọ́n jókòó lé e lórí, ó sì ṣẹ́gun!